Ta Ni Wọ́n Ń Sín Jẹ? Láti Òyìnbó Inú Eégún Ọ̀yọ́ Dé Ẹ̀fẹ̀ Àwọn Ọmọ Ajégúnlẹ̀

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí àwọn tírélà ṣì tò sí ẹ̀gbẹ́ Liverpool Road ní Àpápá, tí wọ́n ń retí àtiwọ wáàfù, ẹnu lásán ló kù fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fi najú. Ọmọ Ìbàdàn á máa sọ̀rọ̀ bíi Haúsá tó ń ta súyà. Ọmọ Kánò á fi ohùn ìyá ẹlẹ́kọ dá a lóhùn, á fọwọ́ sí ìbàdí bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ọmọ Ìbò á gbé agbádá tí kò wọ̀ sórí èjìká, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, á máa yan bí alága ẹgbẹ́ onímọ́tò. Àwọn tó jókòó sábẹ́ ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wọ́n.

Bó bá yá, ẹnìkan á ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò bínú nígbà àkọ́kọ́, kò bínú nígbà kejì, ṣùgbọ́n ìgbà kẹta ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀fẹ̀ náà ni, kò yí padà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú kí ènìyàn fara wé ẹlòmíràn àti kó máa sín in jẹ. Ọmọ tó ń fara wé bàbá rẹ̀ fẹ́ dà bíi bàbá ni. Èyí tó ń sín bàbá rẹ̀ jẹ fẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, bí bàbá bá sì bojú wẹ̀yìn, á sá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ìgbà tí ẹni tí wọ́n ń sín jẹ kò lágbára láti bojú wẹ̀yìn.

Orúkọ tí òpópónà yìí ń jẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ìtàn náà. Kí wọ́n tó ṣí wáàfù Àpápá ní ọdún 1926 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń ti ìlú Liverpool bọ̀ ní etíkun wa, tí wọ́n ń kó aṣọ àti ọtí wá, tí wọ́n ń kó epo pupa àti èkùrọ́ lọ. Àwọn àgbàlagbà ṣì rántí ọkọ̀ Elder Dempster. Ọjà nìkan kọ́ ni wọ́n ń kó. Orin, ijó, gíràmófóònù àti ẹ̀fẹ̀ náà máa ń bá wọn wọlé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀fẹ̀ òkè òkun tó dé, a ti ní tiwa. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1826, Aláàfin ránṣẹ́ pe Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland tó wá ṣàbẹ̀wò sí Ọ̀yọ́ Ilé, pé kó wá wòran àwọn eégún apidán. Apá mẹ́ta ni eré ọjọ́ náà. Nínú apá kejì, ejò ńlá kan jáde láti inú àpò, ó ń ká bíi òjòlá gidi. Nígbà tó kan apá kẹta, eégún kan dá dúró sí àárín agbo, aṣọ tó bò ó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni orí funfun bá yọ. Ariwo ta! Òyìnbó ni wọ́n gbé jáde. Ó tínrín bí ẹni tí ebi ń pa, òtútù ń mú un, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áásáà símú. Bó bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀, á rọra máa tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí láyé rẹ̀.

Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Ó ní àwọn òǹwòran kò jẹ́ kí òun sinmi, wọ́n ń bẹ òun pé kí òun wò ó dáadáa, kí òun sọ bóyá kò jọ ọ́. Ó gbà pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ó tún wá kọ gbólóhùn kan tó yẹ ká fiyè sí: ó ní òun ṣe bí ẹni pé inú òun dùn sí i tó bí inú tiwọn ṣe dùn. Ó ṣe bí ẹni pé. Àlejò ni ní ìlú Aláàfin, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe ju kó rẹ́rìn-ín lọ.

Àwọn apidán kò fi òyìnbó yìí sílẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n fún un ní imú gígùn, wọ́n fi awọ ẹdun ṣe irun sí i lórí, wọ́n ń bá ènìyàn bọ ọwọ́, wọ́n ń fi imú sọ̀rọ̀. Níbòmíràn wọ́n á gbé òyìnbó ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ jáde, àwọn méjèèjì á dira mú, wọ́n á máa jó ijó òyìnbó lójú àwọn ìyá ìyá wa. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé gbé tiwọn kalẹ̀ ní Pọ́tọ̀-Nófò, níbi tí agọ̀ olójú òyìnbó ti ń jó títí di òní nínú eré tí wọ́n ń pè ní Burian. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni àwọn apidán fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Wọ́n sín Tápà jẹ, wọ́n sín ará Ìdàhọ̀mì tó ń kó Yorùbá lẹ́rú jẹ, wọ́n sì sín ọ̀mùtí àdúgbò náà jẹ.

Ní ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn eré Ọ̀yọ́ Ilé yẹn, òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà ṣe òdì kejì rẹ̀. Thomas Rice ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n á jó kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dé ìgò, wọ́n á lọ eérú rẹ̀, á fi kun ojú títí á fi dú kirikiri, á wọ àkísà, á máa jó, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹrú. Jim Crow ló pe ẹni tó ń ṣe náà. Àwọn òyìnbó ya lọ wò ó. Orúkọ eré yìí kan náà ni wọ́n fún àwọn òfin tó ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀ ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tó yá, títí di àwọn ọdún 1960.

Ẹ wò ó bí àwòrán méjèèjì ṣe jọra tó, tí wọ́n sì tún yàtọ̀. Ní Ọ̀yọ́, ẹni tí wọ́n ń sín jẹ wà lórí ìjókòó, wọ́n ń bi í léèrè bóyá ó dára. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n ń sín jẹ wà lóko òwú. Kò rówó wọlé, bó bá tilẹ̀ wọlé, ta ni yóò bi í léèrè?

Ní ọdún 1843, òyìnbó mẹ́rin tó ń kun ojú bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ ní New York, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Virginia Minstrels. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti wọkọ̀, Liverpool ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Bí ẹ̀fẹ̀ àwọ̀ ṣe bọ́ sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ tiwa nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fi òpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, àwọn dúdú náà fẹ́ ṣeré lórí ìtàgé. Ohun tí òǹwòran sì ti mọ̀ sí dúdú ni ojú tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì kùn. Ìdí nìyẹn tí Bert Williams, dúdú tí wọ́n bí ní Bahamas ní ọdún 1874, fi gbọ́dọ̀ kun ojú ara rẹ̀ ní dúdú kí àwọn ènìyàn tó gbà pé dúdú ni. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ó sì tún dunni. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, George Walker, ń polówó ara wọn pé àwọn ni ojúlówó, kí wọ́n má baà fi wọ́n wé ayédèrú tó kún ìgboro.

Ní ọdún 1894, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní San Francisco. Wọ́n ti polówó pé àwọn ará Ìdàhọ̀mì ń bọ̀ láti Áfíríkà, wọ́n ti kọ́ abúlé fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn àlejò náà pẹ́ lójú ọ̀nà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ háyà àwọn dúdú Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wá ṣe bí ará Ìdàhọ̀mì. Williams àti Walker wà lára wọn. Nígbà tí àwọn ará Ìdàhọ̀mì gidi wá dé, wọ́n dá àwọn ayédèrú dúró. Àwọn méjèèjì kò bínú lọ, wọ́n dúró wo àwọn àlejò náà. Walker sọ lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni ọkàn àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí Áfíríkà. Ní ọdún 1903, wọ́n gbé eré kan tí wọ́n pè ní In Dahomey jáde ní Broadway ní New York, dúdú nìkan ló ṣe é. Lọ́dún kan náà wọ́n gbé e lọ sí London, wọ́n sì ṣe é nínú ààfin Buckingham. Ìdàhọ̀mì yìí kan náà ni apidán Ọ̀yọ́ ń sín jẹ nígbà kan!

Ojú tí wọ́n kùn wá padà wá sí etíkun wa nípasẹ̀ sinimá. Ní ọdún 1927, Al Jolson, Júù tí wọ́n bí ní Lithuania, kun ojú ní dúdú nínú The Jazz Singer, èyí tó wà lára fíìmù àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ní Gold Coast, tó di Ghana ní ọdún 1957, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Sekondi tó ń jẹ́ Bob Johnson. Ó ti rí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Yalley tó ń dá kọ́ńsáàtì ṣe níbẹ̀, ó ń wo fíìmù, ó sì ń gbọ́ orin àwọn atukọ̀. Ó kun ojú tirẹ̀ náà ní dúdú, ó fi funfun yí ojú àti ẹnu ká. Ní ọdún 1935, òun, Charlie Turpin àti E. K. Dadson dá ẹgbẹ́ Axim Trio sílẹ̀. Turpin ni jẹ́ńtúmàànì, Dadson wọ aṣọ obìnrin, Johnson sì ni Bob, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò ṣe é rán níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Bob yìí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àwòrán rẹ̀ lónìí lè sọ pé dúdú tó ń bá òyìnbó bú ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn òǹwòran ń fi rẹ́rìn-ín? Jẹ́ńtúmàànì ni. Òun ló wọ kóòtù nínú oòrùn, òun ló ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó kọjá agbára rẹ̀, òun ló ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn. Bob tó kun ojú ló ń já a kulẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀dà náà láti Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ ti di ti Ọ̀yọ́ Ilé: ìṣe òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ, lára ọmọ ìlú tó gbé e wọ̀. Eré náà gbilẹ̀ débi pé orúkọ Bob di orúkọ gbogbo aláwàdà kọ́ńsáàtì ní Ghana, ó sì kọjá sí Togo. Kò sí ohun tó burú nínú kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa jiyàn lórí ọ̀dà náà. Òótọ́ ni pé ó ti ibi búburú wá. Àwọn tó sanwó wọlé ní Sekondi ti mọ ohun tí wọ́n sanwó fún.

Ní Èkó, Hubert Ogunde gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Glover Hall ní ọdún 1944. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945, ó ṣe Strike and Hunger, níbi tí ọba burúkú kan ti ń fi ebi pa àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó kun ojú ní funfun nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìjọba òyìnbó mọ ẹni tí ọba náà jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1946, ọlọ́pàá dá eré dúró, wọ́n mú Ogunde, wọ́n sì ní kó sanwó ìtanràn. Ọgọ́fà ọdún ló wà láàárín ìyẹn àti Clapperton. Òyìnbó ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe àlejò, kò sì sí ìdí fún un láti ṣe bí ẹni pé inú òun dùn.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ni ọ̀gá gbogbo wọn. Aṣọ rẹ̀ ni wọn kì í gbàgbé: táì tó na apá bí ẹyẹ igún, awò ojú ràgàjì, ṣòkòtò tí ènìyàn méjì lè wọ̀. Gbogbo ohun tí àwọn akọ̀wé ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ni, ó kàn fẹ̀ ẹ́ títí ó fi fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín ni. Kò bú òyìnbó, kò sì bú akọ̀wé. Ó jáde síta, ìyẹn náà sì tó. Ó kú ní oṣù Ọkitóbà ọdún 2018.

Ìlú London kò tíì fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí. Láti ọdún 1958 ni BBC ti ń gbé eré àwọn òyìnbó tó kun ojú ní dúdú sórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé níbẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n onílé wọn, ohun tí wọ́n á bá nìyẹn. Ní ọdún 1967, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n dá a dúró. Ọdún 1978 ni wọ́n tó dá a dúró.

Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí Liverpool Road. Orúkọ ìlú náà sọ ìtàn rẹ̀: ajé tó gúnlẹ̀ ní wáàfù ló fa Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìbò, Haúsá àti Yorùbá wá síbẹ̀, wọ́n kún inú ilé onígbalásà, ilé ìwẹ̀ kan fún ogún ènìyàn. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ gbọ́ èdè márùn-ún kó tó mọ̀wé kà. Abájọ tí aláwàdà fi pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Basketmouth, ọmọ Ìbò tó di gbajúmọ̀ aláwàdà, ti dàgbà. Ibẹ̀ ni Daddy Showkey ti gbé galala jáde ní àwọn ọdún 1990. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ohùn Jàmáíkà kọrin bí ẹni pé Kingston ni wọ́n bí wọn sí, àwọn ará Jàmáíkà sì rèé, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa ni púpọ̀ nínú wọn. Ìyẹn fífarawé ni, kì í ṣe sísínjẹ. Kò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Sísínjẹ ẹ̀yà ni ọ̀rọ̀ tó gba ìṣọ́ra. Àwọn tó wo New Masquerade lórí NTA rántí Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókòyà, Yorùbá tó ń ṣe fáàrí kiri. Claude Eke, ọmọ Ìbò, ló ń ṣe é. Ogun abẹ́lé ò tíì jìnnà nígbà náà, síbẹ̀ Yorùbá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Ìdí rẹ̀ hàn: Zebrudaya, tó jẹ́ Ìbò, ni òpè jù nínú ilé náà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ti sanwó ìwọlé.

Ẹ fi mégáàdì inú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá wé ìyẹn. Haúsá ni ṣáá, òmùgọ̀ ni ṣáá, kì í sì ní ìyàwó tàbí ọmọ tí a mọ̀. Yorùbá ló kọ ọ́, Yorùbá ló ṣe é, Yorùbá ló wò ó. Ẹni tó jókòó sí ẹnu géètì gan-an kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun náà kì í sín ọ̀gá jẹ o. Ó ń sín in jẹ lálẹ́, nínú yàrá kékeré yẹn, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní èdè tí ọ̀gá kò gbọ́.

Ní oṣù Ọkitóbà ọdún 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ OPC àti àwọn Haúsá. Ó tàn dé àwọn àdúgbò mìíràn ní Èkó, ẹ̀mí tó lọ sí i pọ̀, ilé jóná. Ọdún kan ṣáájú ni ti Yorùbá àti Ìjọ̀ ti wáyé níbẹ̀. Àwàdà kọ́ ló dá ìjà wọ̀nyí sílẹ̀, ìròyìn èké ni ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohùn tí ènìyàn fi dáhùn ìkíni lè sọ ibi tó ti wá fún ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀. Ohùn kan náà tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rín létí ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni. Àwọn aláwàdà tó gba Ajégúnlẹ̀ kọjá mọ èyí ju àwọn tó ń kọ̀wé nípa wọn lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi máa ń kọ́kọ́ bú ilé tiwọn kí wọ́n tó dé ilé aládùúgbò.

Ìjọba náà ti dá sí ọ̀rọ̀ ohùn yìí, láti ọ̀nà tí ènìyàn kò rò. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọkitóbà ọdún 2022, ARCON, àjọ tó ń mójútó ìpolówó ọjà, fòfin dè é pé kí wọ́n máa fi ojú àti ohùn àwọn àjèjì polówó ọjà ní Nàìjíríà. Ohùn imú tí àwọn apidán fi ń pa Aláàfin lẹ́rìn-ín ni wọ́n ti ń sanwó fún látọdún yìí wá láti fi ta ọṣẹ àti ìpara fún wa. Òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ Nàìjíríà tó ń fi imú sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ní Liverpool Road, ìlà ọkọ̀ a máa sún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á sáré dìde, wọ́n á gbọn eruku ìdí nù. Ọmọ Kánò á tún fi ohùn ìyá ẹlẹ́kọ kí ọmọ Ìbàdàn pé ó dàárọ̀. Ọmọ Ìbàdàn á fi Haúsá dá a lóhùn, Haúsá tí kò tọ̀nà. Ìyẹn á tún un ṣe fún un, á ní kó wí i tẹ̀lé òun, wọ́n á wí i lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ tó gbéra.